Oyin, káún àti àdín àgbọn: èwo ni ká fi tọ́jú funfun ẹnu ọmọ?

Ìyá kan ní Àjàrá, nítòsí Badagry, kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé oṣù méje. Ó wúkọ́, wọ́n fún un ní àńtíbáyótíìkì, ikọ́ lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni funfun ti bo ahọ́n rẹ̀ àti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìdí rẹ̀ náà sì pọ́n yòò. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi oyin àti káún nu ẹnu rẹ̀. Aládùúgbò mi ní àdín àgbọn tí wọ́n gún aáyù sí ló dára. Ẹnì kan tún fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé íìsì ló pọ̀ lára ọmọ, pé kí n má fún un ní búrẹ́dì àti ohunkóhun tó ní ṣúgà mọ́, kó má baà wọnú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èwo ni kí n ṣe? Mi ò fẹ́ oògùn òyìnbó mọ́, torí òun ló fà á.”

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ẹ̀rù tí wọ́n dá bà yín ti ju ohun tó ń ṣe ọmọ lọ. Irú funfun ẹnu yìí wọ́pọ̀ gan-an lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kì í sábà pa ọmọ lára, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì wọ́n. Nínú gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín àwọn ọmọdé, ohun tí àwọn ìyá ń gbé sẹ́nu ọmọ nítorí funfun náà ló ń já mi láyà ju funfun náà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká wá yẹ àwọn nǹkan tí wọ́n dárúkọ fún yín wò, torí wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó wúlò níbì kan lára ọmọ tí kò wúlò níbòmíì. Ọ̀kan sì wà tó lè gbé ọmọ dé bèbè ikú.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ gbé ọmọ sí ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán kí ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ìyá ló ń sáré wá bá wa tó jẹ́ pé wàrà ọmú ló gbẹ sórí ahọ́n. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ wé aṣọ fẹ́lẹ́ tó mọ́ mọ́ ìka kan, ẹ fi omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù rẹ ẹ́, kí ẹ wá rọra nu ojú kan lórí ahọ́n. Bó bá jẹ́ wàrà, yóò bá aṣọ lọ. Bó bá jẹ́ funfun tí à ń sọ, kò ní fẹ́ kúrò. Bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ tó ṣí, ẹ ó rí i pé abẹ́ rẹ̀ pọ́n, ó tiẹ̀ lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ojú kan ti tó, ẹ má ha ìyókù. Wàrà kì í sábà lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ètè, ìdí nìyẹn tí èyí tí ẹ rí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi jẹ́ kí n gbà pé òun gan-an ni. Ṣùgbọ́n ìwé ni mo rí, n kò rí ọmọ, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìyókù.

Ohun tó ń fà á ni irú íìsì kan tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní Candida. Ó wà lẹ́nu, nínú ìfun àti lára awọ èmi àti ẹ̀yin, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń gbà á lára ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ṣe pé ẹ kò tọ́jú ọmọ. Àwọn kòkòrò mìíràn tí kì í ṣe wá níbi ló ń bá a du àyè, àwọn ni kì í jẹ́ kó pọ̀ jù. Àńtíbáyótíìkì tí wọ́n fún ọmọ yín pa kòkòrò tó ń fa ikọ́, ó sì pa àwọn wọ̀nyẹn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò lè ṣe Candida ní nǹkan kan, torí ìran wọn yàtọ̀. Ó dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ro tán tí wọn kò gbin nǹkan sí: èyí tó bá kọ́kọ́ hù ni yóò gba gbogbo rẹ̀. Ó ti inú ẹnu dé inú ìfun, ó bá ìgbẹ́ jáde, ó sì bá pampers tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì tutù pàdé. Ohun kan náà ló wà lẹ́nu tó wà nídìí.

Nítorí náà, òótọ́ ni pé oògùn yẹn ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni ikọ́ yẹn, oògùn náà ló gba ẹ̀mí ọmọ là, funfun ẹnu kò sì tó nǹkan níbi tí ìyẹn bá wà. Bó bá sì jẹ́ ikọ́ òtútù lásán, irú èyí tó máa ń lọ fúnra rẹ̀, a jẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n fún un rárá. Èyí wọ́pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn kẹ́míìsì wa, tó jẹ́ pé bí ọmọ bá ti hú ikọ́ kan, wọ́n á ti na ọwọ́ sí ampicillin. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ bi wọ́n léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fẹ́ fún un. Àmọ́ oògùn tó ń pa kòkòrò ikọ́ àti oògùn tó ń pa Candida kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí ẹ kọ èkejì nítorí èkíní, ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀.

Ti búrẹ́dì kò ní pẹ́ wa. Íìsì tí wọ́n fi ń wú búrẹ́dì kọ́ ló wà lẹ́nu ọmọ yín. Mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, iná ààrò sì ti pa ti búrẹ́dì kó tó dé ọwọ́ yín. Lóòótọ́, ọmọ oṣù méje kò nílò ṣúgà nínú ògì rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò bí ẹ bá ń fi sí i, nítorí eyín tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n yíyọ ṣúgà kò ní ká funfun náà kúrò. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni pé àwọn ìyá kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yọ oúnjẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí tí ọmọ á fi rù. Ọmú ni kó máa mu lọ, kí ògì rẹ̀ ní edé tàbí ẹja lílọ̀ nínú, kó jẹ ẹ̀wà tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, kó jẹ ẹyin. Ní ti pé yóò wọnú ẹ̀jẹ̀: ó máa ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tó wà lórí dírípù ní ọsibítù, tàbí ẹni tí àìsàn ńlá ti run agbára ara rẹ̀. Kì í ṣe lára ọmọ tó ń rá kiri, tó ń fa ọmú tó sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti oyin, kí ẹ sì bá mi sọ ọ́ fún màmá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan oyin, kì báà ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ láti inú igbó, kì báà ṣe èyí tó wà nínú ìgò tó ní nọ́ńbà NAFDAC. Oyin lè gbé irúgbìn kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Clostridium botulinum. Bí èmi àti ẹ̀yin bá jẹ ẹ́, ìfun wa yóò kápá rẹ̀. Ìfun ọmọ ọwọ́ kò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà irúgbìn náà á hù níbẹ̀, á sì máa tu májèlé sínú ara ọmọ. Ìgbẹ́ á kọ́kọ́ há, lẹ́yìn náà ọmọ kò ní lè fa ọmú dáadáa mọ́, igbe rẹ̀ á rẹlẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ á máa wálẹ̀, ọrùn rẹ̀ á rọ̀, bí wọn kò bá sì tètè gbé e dé ọsibítù, èémí rẹ̀ lè dúró. Sísè tí a ń se oyin lórí iná nílé kò pa irúgbìn yìí. Kì í ṣe gbogbo oyin ló ní in, ìdí nìyẹn tí màmá fi lè sọ pé òun fi oyin tọ́ ọmọ mẹ́fà tí nǹkan kan kò ṣe wọ́n, òótọ́ sì ni màmá ń sọ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wo ìgò kan kó mọ èyí tó ní in. Bí ẹ bá ti fi nu ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó ka èyí, ẹ má kígbe. Ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì máa ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀ àti bó ṣe ń fa ọmú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Káún kò yẹ ẹnu ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni sódà tí àwọn kan ń pò. Ó ń bó ẹnu tó ti bó tẹ́lẹ̀, èyí tó bá sì gbé mì lè da iyọ̀ inú ara rẹ̀ rú. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn ni pé bí wọ́n bá fi aṣọ àti káún ha ahọ́n ọmọ, funfun á ṣí kúrò lóòótọ́, ahọ́n á pọ́n, wọ́n á ní ó ti mọ́. Lọ́jọ́ kejì, á tún bò.

Ọ̀rọ̀ àdín àgbọn ló gba àlàyé jù, torí pé ní Badagry níbí, ilé tí kò ní ìgò rẹ̀ kan kò wọ́pọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á rin àgbọn, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á dé e mọ́jú kí ọ̀rá rẹ̀ lè léfòó, wọ́n á wá bu ọ̀rá náà sórí iná títí omi á fi fà tán, tí òróró á mọ́ gaara lókè tí ìyókù á sì pọ́n nísàlẹ̀ ìkòkò. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò yín kì í ṣe ìsọkúsọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì òróró yìí tó jẹ́ lauric acid, ohun kan tó lè ba Candida jẹ́. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ wọn jáde: wọ́n kó Candida jọ nínú yàrá ìwádìí, wọ́n fi òróró àgbọn dán an wò, òróró náà sì dá a dúró. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn, ọmọ ilé wa ló ṣe é, àgbọn wa sì ni. Ṣùgbọ́n nínú àwo ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe lẹ́nu ọmọ. Nínú àwo, òróró yóò jókòó lé kòkòrò lórí fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Lẹ́nu ọmọ, itọ́ àti wàrà á ti gbé e lọ kí ẹ tó dé ìgò padà.

Ewu kan tún wà níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń sunkún nígbà tí wọ́n ń kán òróró sí i lẹ́nu lè fà á sí ọ̀nà èémí. Omi lásán, ọmọ á wú u jáde. Òróró kì í sábà mú ọmọ wúkọ́ bẹ́ẹ̀, yóò rọra yọ́ wọnú ẹ̀dọ̀fóró, yóò sì dá àìsàn sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, n kò fọwọ́ sí àdín lẹ́nu ọmọ, n kò sì fọwọ́ sí i ní imú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni mo gbà kí ẹ fi sí. Bí ẹ bá ti wẹ ìdí ọmọ tó sì ti gbẹ dáadáa, àdín díẹ̀ tí ẹ fi pa á kò ní jẹ́ kí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ kan awọ tó ti bó. Kí ó jẹ́ èyí tí ẹ mọ ẹni tó sè é, tí kò tíì kan, tí kò sì ní àdàlù. Bó bá ta ọmọ tàbí tí ìdí rẹ̀ tún le sí i, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì retí pé òun nìkan ni yóò wo Candida tó ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀.

Aáyù tí wọ́n ní kí ẹ gún sí i, ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Aáyù tútù ń jó awọ ọmọ gẹ́gẹ́ bí iná ṣe ń jó o, títí tí á fi lé róró. Ọtí kíkan náà kò sàn jù ú lọ. Àwọn kan yóò dárúkọ ewé asunwọn, ewé náà sì dára fún làpálàpá lára àgbàlagbà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fún ọmọ tó bá gbé omi rẹ̀ mì. Yógọ̀ọ̀tì tí kò ní ṣúgà lè jẹ́ oúnjẹ fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, kò sì burú, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá lójú títì dùn ju oyin lọ, ẹ má torí funfun ẹnu rà á.

Ẹ kò béèrè nípa gentian violet, omi aláwọ̀ àlùkò tí àwọn nọ́ọ̀sì àtijọ́ fi ń kun ẹnu ọmọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò mú un wá. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ́ wa láti fi kun ẹnu ọmọ kò ju 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà nínú ìgò ní ọjà sábà máa ń lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ẹnu ọmọ á sì tún wá bó sí i. Ní ọdún 2019, ìjọba Canada kìlọ̀ fún àwọn èèyàn wọn nípa rẹ̀ nítorí àrùn jẹjẹrẹ tí wọ́n rí lára àwọn ẹranko tí wọ́n fi dán an wò. Níwọ̀n ìgbà tí nǹkan mìíràn bá wà, n kì í lò ó.

Nǹkan mìíràn náà ni Nystatin olómi. Ó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba, ó wà lọ́wọ́ àwọn olóògùn tó ní ìwé àṣẹ. Ìfun kì í fà á sínú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan. Níbi tó bá ti kan Candida ló ti ń pa á, ìyẹn sì ni ìdí tí ọ̀nà tí ẹ gbà lò ó fi ṣe pàtàkì ju oògùn náà lọ. Èyí tó ní 100,000 yúníìtì nínú mílílítà kan ni wọ́n sábà ń kọ, mílílítà kan lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ mi ìgò náà dáadáa. Kí ọmọ mu ọmú tán kí ẹ tó fún un, torí bó bá mu ọmú lẹ́yìn rẹ̀, ọmú á fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ fi ìdajì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ìdajì sí ti òsì, kí ẹ fi òwú tàbí ìka tó mọ́ rọra pa á ká ibi tó funfun. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó dáwọ́ dúró, kó sì tún lé ọjọ́ méjì sí i lẹ́yìn tí funfun bá ti lọ. Àwọn tó ń sọ fún mi pé Nystatin kò ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹta tí ẹnu mọ́.

Ẹ wo orí ọmú yín náà. Bó bá ń pọ́n, tó ń dán, tó ń yún tàbí tó ń ta yín nígbà tí ọmọ bá ń fà á, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin àti ọmọ máa gbé e fún ara yín síwá sẹ́yìn, kí wọ́n sì tọ́jú ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí rẹ̀. Fídà, orí rẹ̀ àti ohun ìṣeré tó ń fi sẹ́nu, kí ẹ máa sè wọ́n lójoojúmọ́ títí ara rẹ̀ á fi yá.

Ní ti ìdí rẹ̀, ẹ wo kọ̀rọ̀ itan, níbi tí ẹran ara ti ṣẹ́ lé ara wọn. Bó bá jẹ́ ìtọ̀ lásán ló bó ọmọ, inú kọ̀rọ̀ yẹn kì í sábà pọ́n. Bí inú kọ̀rọ̀ bá pọ́n, tí àwọn kókó pupa kéékèèké sì fọ́n ká yí ibi tó pọ́n náà ká, Candida ni. Afẹ́fẹ́ ni oògùn ìbílẹ̀ tí mo fọwọ́ sí jù lọ: ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, ẹ tú ọmọ sílẹ̀ ní ìdí fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Ooru ọ̀sà tiwa yìí kò ran pampers lọ́wọ́ rárá. Mo mọ iye tí wọ́n ń ta á, mo sì mọ ìdí tí ìyá fi ń jẹ́ kó wúwo kó tó yọ ọ́, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lo àwọn aṣọ ìlédìí àtijọ́ lọ́sàn-án, kí ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, kí ẹ sá wọn sí oòrùn, kí pampers jẹ́ ti òru. Omi lásán àti aṣọ rírọ̀ ni kí ẹ fi nu ìdí rẹ̀. Ọṣẹ dúdú ta jù, páúdà sì ń wọ imú ọmọ. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, kírímù clotrimazole, tó ń pa Candida lára awọ, ni ẹ ó béèrè, òun nìkan. Ẹ kà ara tíúbù dáadáa, torí ohun tí wọ́n sábà ń nà síni ni kírímù alápapọ̀ mẹ́ta tí betamethasone tàbí clobetasol, àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, wà nínú rẹ̀. Pupa á lọ lójú ẹsẹ̀, inú yín á dùn, bẹ́ẹ̀ awọ ọmọ ń fẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀, oògùn náà sì ń wọ ara rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pampers tó dé e pa.

Ọ̀pọ̀ ìgbà, funfun ẹnu lè lọ fúnra rẹ̀ láìlo oògùn kankan, pàápàá bó bá jẹ́ díẹ̀ tí ọmọ sì ń fa ọmú bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá fẹ́ dúró wò ó fún ọjọ́ díẹ̀ láìfi nǹkan kan sẹ́nu rẹ̀, n kò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọmú, bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí gbígbé mì bá ń dùn ún, ẹ má dúró dè mí. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí funfun yìí bá lọ tó tún padà wá lẹ́yìn oògùn tí ẹ lò dé òpin, tàbí tó ń yọ ọmọ lẹ́nu lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án láìsí pé ó lo àńtíbáyótíìkì, tàbí tí ìwọ̀n rẹ̀ kò lọ sókè. Nígbà náà, wọ́n máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, títí kan ti HIV, nítorí nígbà mìíràn funfun ẹnu tí kò lọ ni àmì àkọ́kọ́ tí ọmọ ń fi hàn, oògùn sì wà tí ọmọ á fi dàgbà dáadáa bí wọ́n bá tètè mọ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì ìwọ̀n àti àjẹsára rẹ̀ dání, pẹ̀lú páálí àńtíbáyótíìkì tí wọ́n fún un, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ ti fi sí i lẹ́nu fún dókítà, títí kan èyí tí ẹ rò pé wọn yóò bá yín wí sí.